Ọjọ́ tí òdòdó kòkó já ni kí ẹ kọ sílẹ̀

Ìbéèrè: "Oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, òdòdó á bo igi láti ìdí dé ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n tó bá di ìgbà ìkórè, ohun tí à ń ká kò tó nǹkan. Òdòdó á já kún ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ọmọ kòkó tó bá sì so á dúdú sórí igi. Ẹni tó ń ta oògùn fún mi ní kí n ra oògùn kan tó ń di òdòdó mú, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ báyọ́lọ́jì ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá òun. Ṣé kí n ra oògùn náà ni, àbí kí n dúró de ọmọ mi? Ibo ló sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Ẹ má tíì ra oògùn náà. N kò fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́ o. Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ kò tíì mọ ohun tó ń já òdòdó yín, ẹni tó ń tà á fún yín náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó lè já òdòdó kòkó ju ẹyọ kan lọ, oògùn kan ṣoṣo kò sì lè kájú gbogbo wọn. Inú mi dùn gan-an pé ọmọ wa fẹ́ wádìí rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, oko wà ńlẹ̀, ohun èlò tí yóò ná an kò pọ̀, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì wúlò fún ìyá rẹ̀ kó tó wúlò fún olùkọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù kan kúrò. Kò sí ibi tí igi kòkó ti ń sọ gbogbo òdòdó rẹ̀ di èso láyé yìí. Igi kan tó ti dàgbà lè yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òdòdó lọ́dún, ṣùgbọ́n nínú 100, èyí tó ń di kòkó tí a ń ká kì í sábà ju 5 lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: kòkó bíi 20 sí 25 ni à ń fọ́ kí kóró gbígbẹ tó pé kílò kan. Bí igi bá so 40 péré, tí gbogbo rẹ̀ sì gbó dáadáa, igi náà ti ṣe ọmọlúwàbí, òdòdó tó ti já lábẹ́ rẹ̀ kò sì lóǹkà. Nítorí náà, òdòdó tó kún ilẹ̀ láàárọ̀ nìkan kò tó ohun tí a ń bọkàn jẹ́ lé. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni bí ó bá jẹ́ pé nínú 100, ẹyọ kan tàbí òfo ló ń kù, nígbà tí oko ẹlòmíì tó bá yín pààlà ń so.

Kí ọmọ wa já òdòdó kan ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, kó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kó fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Òdòdó náà kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Yóò rí ewé márùn-ún tó funfun, tó pọ́n díẹ̀, tí wọ́n là sóde. Lórí wọn ni ewé márùn-ún mìíràn tún wà, ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ̀ kọdọrọ bíi fìlà, ìlà pupa sì wà nínú fìlà náà. Orí akọ òdòdó sá pamọ́ sínú fìlà yìí, ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ wà, ìyẹ̀fun tó ń mú kí abo lóyún. Láàárín gan-an ni ọrùn abo dúró sí, ọ̀pá ṣóńṣó márùn-ún aláwọ̀ àlùkò sì yí i ká, àwọn yìí kò ní lẹ́búlẹ́bú kankan. Akọ wà nínú ibò, abo wà nínú ọgbà, àárín wọn kò sì tó ìbú ìka kan, síbẹ̀ wọn kì í pàdé fúnra wọn. Ẹnìkan ní láti gbé lẹ́búlẹ́bú láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ bá èkejì.

Kì í ṣe afẹ́fẹ́, nítorí lẹ́búlẹ́bú kòkó máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kì í ṣe oyin náà, òdòdó ọ̀hún kéré jù fún un láti wọ̀. Kantíkantí ni. Irú kan báyìí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Forcipomyia, tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 1 sí 3 lọ, ló ń rá pálá wọ inú fìlà náà, tí lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ irun ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá tún fò lọ sórí òdòdó mìíràn, tó ń rìn lára ọ̀pá àlùkò wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ á ha ọrùn abo. Bí kòkó ṣe ń lóyún nìyẹn, ní Ìdànrè, ní Gánà àti ní ilẹ̀ Amazon tí kòkó ti wá. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àlejò ni kòkó nílẹ̀ wa, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá, ṣùgbọ́n àwọn kantíkantí tiwa tó ti wà nínú ewé jíjẹrà kí àlejò tó dé ló gba iṣẹ́ náà ṣe.

Àkókò tí wọ́n ní láti ṣe é kò gùn. Òdòdó kòkó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í là nírọ̀lẹ́, á là tán kí ilẹ̀ tó mọ́, lẹ́búlẹ́bú á sì jáde ní ìdájí. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọjà rẹ̀. Bí kantíkantí kò bá dé, ó parí nìyẹn.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ọmọ wa fi ọkàn sí mi dáadáa. Kó má wulẹ̀ ka iye òdòdó tó já. Kó kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan já sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ tó là. Òdòdó tí kò rí lẹ́búlẹ́bú rárá kì í pẹ́, ọjọ́ kejì kì í sábà kọjá lórí rẹ̀ kó tó bọ́. Èyí tó rí lẹ́búlẹ́bú, ṣùgbọ́n tí igi kọ lẹ́búlẹ́bú náà, máa ń dúró díẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ló máa ń já. Èyí tó bá ṣì dúró ní ọjọ́ keje, tí ìdí rẹ̀ sì ti ń wú, ó ti lóyún. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí ìkejìlá, ewu tó pọ̀ jù níwájú rẹ̀ ni kí igi má lè bọ́ ọ. Bó bá la ìyẹn já, àrùn àti kòkòrò ló kù, títí tí yóò fi gbó ní oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Òdòdó méjì lè já lára igi kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ohun tó já wọn má sì jọra. Ẹni tó bá gbá wọn jọ sínú agbọ̀n kan, tó ní "òdòdó ń já", kò lè mọ oògùn tí yóò lò.

Ká ní ọ̀pọ̀ nínú tiyín ló ń já ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì. Ẹ mọ̀ nígbà náà pé kantíkantí ni kò tó, ilẹ̀ ni ká sì wò, kì í ṣe orí igi. Inú ohun tó rọ̀, tó tutù, tó ń jẹrà ni kantíkantí yìí ń yé ẹyin rẹ̀ sí: ewé kòkó tó já, èèpo kòkó tó ti ń rà, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó máa ń gbà tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹyin tó di èyí tó ń fò. Oko tí wọ́n gbá mọ́ féfé, tí wọ́n fi oògùn pa gbogbo koríko rẹ̀ dé ìdí igi, tí oòrùn ń wọlé sí gbuurugbu, ó lè dùn-ún wò lójú àlejò, ṣùgbọ́n kantíkantí kò rí ilé gbé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oko tí wọ́n ń fọ́n oògùn apakòkòrò sí ní gbogbo ìgbà tí òdòdó bá yọ. Oògùn tó lè pa kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó kò ní bá kantíkantí ṣọ̀rẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa fi Gamalin, oògùn apakòkòrò ayé ìgbà yẹn, fọ́n oko láìbojúwẹ̀yìn. Àkókò tiwọn nìyẹn. Lónìí, bí ẹ bá rí kòkòrò ni kí ẹ fọ́n, ibi tí ẹ bá rí i ni kí ẹ fọ́n, kó má sì jẹ́ láàárọ̀ tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ là tán.

Àwọn àgbà ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ pọ́n àdá o. Ní Costa Rica, láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ kòkòrò gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sábẹ́ kòkó, wọ́n sì rí i pé kantíkantí ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ní Ọsirélíà, ìwádìí kan tó jáde ní 2017 kó èèpo kòkó sílẹ̀ lábẹ́ igi, òdòdó tó di ọmọ sì pọ̀ sí i. Tẹ́ẹ bá ti gé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko, ẹ má gbé ìtì rẹ̀ jù sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan-ẹsẹ̀ kan, ẹ là á sí méjì, kí ẹ sì dojú ibi tí ẹ là bolẹ̀ láàárín igi kòkó níbi tí ibòji wà.

Ọ̀rọ̀ èèpo kòkó ni n kò fẹ́ kí ẹ gbà wọlé tipátipá bí wọ́n ṣe ṣe é ní Ọsirélíà. Àrùn tó ń mú kòkó dúdú nílẹ̀ wa níhìn-ín, pàápàá èyí tí kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Phytophthora megakarya ń fà, ń gbé inú ilẹ̀, òjò á sì ta á sókè láti ìsàlẹ̀ sára kòkó. Òkìtì èèpo tí àrùn ti wà lára rẹ̀ kì í ṣe ilé kantíkantí nìkan, ilé ọ̀tá ni pẹ̀lú. Èèpo kòkó tó yá gágá nìkan ni kí ẹ tú ká. Èyí tó bá ti dúdú, ẹ kó o jáde kúrò lóko pátápátá. Bí ẹ kò bá ní ẹni tí yóò máa ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi èèpo sílẹ̀, kí ẹ dúró lórí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé.

Bó bá wá jẹ́ pé ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ ń já ńkọ́? Ọ̀rọ̀ di ti ẹbí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ igi kòkó kì í gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1930 ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí kòkó ní Trinidad ti rí i pé igi kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ tilẹ̀ fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ra gbogbo òdòdó rẹ̀, kò ní so ẹyọ kan, ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú ti igi mìíràn wá, á so. Bí ó ṣe ń kọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ igi. Kì í dí i lọ́nà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lẹ́búlẹ́bú á wọlé, á na ọ̀nà tirẹ̀ gba inú ọrùn abo dé ibi tí ẹyin wà, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti kọ̀ láti dàpọ̀ mọ́ ẹyin. Ìdí tí òdòdó fi ń dúró tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó já nìyẹn.

Kòkó àtijọ́ tí a ń pè ní Amelonado kì í ṣe bẹ́ẹ̀; òun máa ń gba ti ara rẹ̀. Àwọn kòkó tó wá láti apá òkè odò Amazon, tí irú kòkó tiwa tí à ń pè ní F3 Amazon ti ṣẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ ti ara wọn, wọ́n sì lè kọ ti ọmọ ìyá wọn pẹ̀lú. Ẹ bi àwọn àgbà tó mọ ìgbà tí bàbá yín gbin oko yẹn: níbo ló ti rí kóró? Bó bá jẹ́ inú kòkó mélòó kan láti ara igi kan tàbí méjì ni gbogbo oko ti wá, tọmọ-tìyá ni gbogbo wọn, kantíkantí lè máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ó má sì sí ohun tí a óò rí ká. Ẹ má tìtorí èyí gé oko o. Ẹ fi igi tó wá láti orísun mìíràn kún àlàfo ibi tí igi ti kú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀, CRIN, tó wà ní ẹ̀bá Ìbàdàn láti 1964, ti mú àwọn irú tí wọ́n fi oríṣiríṣi kòkó bí jáde, TC1 dé TC8. Ọ̀dọ̀ wọn tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ sí ni kí ẹ ti gba kóró. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kóró tí ẹ bọ́ láti inú kòkó tó rẹwà jù lóko ara yín. Ìyẹn ló ń sọ oko di ẹbí kan ṣoṣo.

Àwọn ọmọ kòkó tó ń dúdú sórí igi tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ má sì kánjú fọ́n oògùn sí wọn. Igi kòkó kì í já ọmọ tí kò lè bọ́ sílẹ̀ bí ọsàn tàbí máńgòrò ti ń ṣe. Á dá oúnjẹ rẹ̀ dúró. Ọmọ náà á ṣíwọ́ dídàgbà, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á dúdú, á gbẹ, á sì máa fì síbẹ̀. Èyí kì í ṣe àrùn. Igi ń ṣírò iye ẹnu tó lè bọ́ ni, bó bá so ọmọ ju agbára rẹ̀ lọ, á dín wọn kù. Àrùn tó ń mú kòkó dúdú ní tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan, àmì aláwọ̀ ilẹ̀ tí etí rẹ̀ hàn ketekete, tí yóò máa tàn káàkiri, tí ìyẹ̀fun funfun á sì hù lórí rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Ó lè mú ọmọ kékeré, ó lè mú àgbà. Kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó, àmì dúdú róbótó-róbótó tó dàbí ojú abẹ́rẹ́ ló ń fi sílẹ̀. Kí ọmọ wa máa ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá jẹ́ èyí tó kan ṣíwọ́ dídàgbà, oúnjẹ ilẹ̀, ọjọ́ orí igi, ibòji tó pọ̀ jù àti àfòmọ́ orí ẹ̀ka ni ká bá wí. Gé àfòmọ́, re ẹ̀ka tó há mọ́ra, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó ra ajílẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́ ọmọ wa. Mo fẹ́ kó rọrùn, kó sì lágbára.

Kó fi nọ́ńbà sí igi bí ọgọ́ta ní apá kan oko. Kó kọ nọ́ńbà wọn sínú bébà, kó dà wọ́n pọ̀ sínú igbá, kó sì mú mẹ́wàá láìwò. Kó má fojú yan igi tó wù ú, nítorí ojú wa máa ń yan èyí tó ti ń so tẹ́lẹ̀. Lórí igi kọ̀ọ̀kan, kó mú òdòdó 40 tó fẹ́ là lọ́la, apá kan lára ìtì, apá kan lórí ẹ̀ka, kó sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó fi òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàmì sí wọn. Ìpín kìíní, kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí kantíkantí ṣe èyí tó bá lè ṣe. Ìpín kejì, kó bò ó ní ìrọ̀lẹ́ kó tó là, kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Ìpín kẹta, kó bò ó, kó sì fi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara òdòdó mìíràn lórí igi yẹn kan náà fún un. Ìpín kẹrin, kó bò ó, kó gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara igi tó jìnnà fún un, bó bá ṣeé ṣe láti oko ẹlòmíì tí kóró rẹ̀ kò bá tiyín tan.

Fún bíbò, ègé rọ́bà omi kúkúrú ló dára jù. Kó fi nǹkan rírọ̀ bí àmọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré lẹ ẹnu rẹ̀ kan mọ́ èèpo igi yí òdòdó náà ká, kó sì fi aṣọ tó fúyẹ́ dáadáa di ẹnu kejì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bó bá jẹ́ ọ̀rá ló lò, ooru á pa òdòdó, yóò sì rò pé igi ló kọ̀ ọ́.

Gbígbé lẹ́búlẹ́bú fún un kò le, sùúrù ló ń fẹ́. Kó já òdòdó tó là láàárọ̀ yẹn, kó fi ìka tàbí ẹ̀mú kékeré yọ àwọn fìlà wọ̀nyẹn kúrò kí orí akọ lè yọ síta. Kó ká ọ̀kan tàbí méjì nínú ọ̀pá àlùkò òdòdó tí yóò gbà á kúrò lọ́nà, kó sì fi orí akọ ra ọrùn abo rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí tí yóò fi rí lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Òdòdó kòkó ní ẹyin bí 40 sí 60 nínú, ẹyin kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ ẹyọ lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀, nítorí náà kó má ṣahun. Kó parí rẹ̀ kí ìyálẹ̀ta tó kọjá.

Láti ìgbà náà, àárọ̀-àárọ̀ títí di ọjọ́ keje, kó máa lọ wò wọ́n, kó sì kọ èyí tó ti bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá. Bí ìpín kẹrin bá dúró dáadáa tí ìpín kìíní sì já ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì, kantíkantí ni kò tó. Bí ìpín kẹta bá já ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin tí ìpín kẹrin sì dúró, igi yín kò gba ti ara rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀, tó fi mọ́ ìpín kẹrin, bá já tàbí dúdú, igi fúnra rẹ̀ ló ń ṣàárẹ̀. Ìpín kejì wà níbẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá bíbò náà dára: kò yẹ kí ẹyọ kan so nínú rẹ̀. Bí èyíkéyìí bá so, kantíkantí rí ihò wọlé, kí ó sì tún rọ́bà náà ṣe.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbójú fò tí àwọn olùdánwò kì í sì í fojú fò. Bí ó bá fẹ́ ṣe ìṣirò, kó má sọ pé ẹ̀rí òun jẹ́ 400. Igi mẹ́wàá ni ẹ̀rí rẹ̀. Òdòdó 40 tó wà lórí igi kan ń mu omi kan náà, wọ́n ń jẹ nínú ilẹ̀ kan náà. Wọn kò lè jẹ́rìí bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Kó ṣe àròpọ̀ ti igi kọ̀ọ̀kan, kó sì fi igi wé igi. Bó bá lágbára láti fi igi mẹ́wàá mìíràn kún un láti apá oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ náà yóò dára sí i.

Ní ti oògùn tó ń di òdòdó mú: nǹkan méjì ni wọ́n sábà ń tà lórúkọ yẹn. Ọ̀kan jẹ́ oúnjẹ ewé, tí bóróòn àti àwọn nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Ìyẹn lè ran igi lọ́wọ́ bí ilẹ̀ kò bá ní in, kò sì lè rọ́pò kantíkantí. Èkejì jẹ́ ti omi ara igi, irú èyí tó ń sọ fún òdòdó pé kó má já. Nínú ìdánwò, irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti dá òdòdó kòkó tí kò rí lẹ́búlẹ́bú dúró lórí igi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá wa, òdòdó tí kò rí lẹ́búlẹ́bú kò ní ohun tí yóò di kóró nínú rẹ̀. Kóró ni à ń tà ní ilé ìwọ̀n.

Fífi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú fún òdòdó, èyí tí ọmọ yín yóò kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ló ṣeé ṣe kó wúlò fún yín jù. Ní Sulawesi ní Indonéṣíà, ìwádìí kan tó jáde ní 2020 fi í wé oògùn apakòkòrò àti ajílẹ̀, ó sì fi kún ohun tí igi so ní ìdá 51 sí 161 nínú ọgọ́rùn-ún. Oko tiwọn nìyẹn, tiwa lè má rí bẹ́ẹ̀, bí igi bá sì so ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ ti mọ̀ pé yóò dá oúnjẹ àwọn kan dúró. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ ṣe é lórí gbogbo igi. Ẹ mú ìwọ̀nba igi tó lera lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹ lè bójú tó, kí ẹ ṣe é lára ìtì nìkan, níbi tí ọwọ́ tó. Kí ẹni tó ń fi gọ̀gọ̀ ká kòkó sì ṣọ́ra kó má ha àwọn kókó ara igi tí òdòdó ti ń yọ, nítorí ibẹ̀ kan náà ni yóò tún ti yọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá ti rọ̀ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ewé abẹ́ igi ti tutù dáadáa, lẹ́yìn náà kó tún un ṣe ní ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ, ká lè fi méjèèjì wéra. Bó bá ti parí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó fi ìwé tó kọ ọjọ́ òdòdó sí ránṣẹ́ sí mi, kó sì kọ orúkọ irú kòkó kọ̀ọ̀kan sí i bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.